Fóònù Ní Bẹ́ẹ̀ Ni, Sáfà Ní Bẹ́ẹ̀ Kọ́

Ariwo tí Nọ́ọ̀sì Òkè pa lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ oògùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, aláǹgbá mẹ́ta ló já bọ́ lára ògiri, ọ̀kan sì rọ lápá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi aláǹgbá.

"Ìyá Yìnyín! Ẹ jáde! Ìgò abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ mi dà?"

Ìyá Yìnyín ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá òtútù, ibi tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí kí wọ́n tó pín in lọ sáwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Yàrá yẹn tutù débi pé ọ̀rọ̀ máa ń dì sẹ́nu èèyàn níbẹ̀. Tí ẹ bá kí èèyàn "ẹ kú iṣẹ́" nínú ẹ̀, ó di ìgbà tó bá jáde sóòrùn kó tó gbọ́ ọ. Ìyá Yìnyín yọjú nínú kóòtù tó nípọn bí mátírẹ́ẹ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àárọ̀. Ìgò wo?"

"Ogún ìgò tí mo béèrè lórí áàpù! Ẹ wò ó!" Nọ́ọ̀sì na fóònù sí i nímú. Àmì aláwọ̀ ewé kan wà lójú ẹ̀, ó ń dán bí ẹyinjú ológbò: Ó TI WỌLÉ. "Ṣé ẹ ò mọ̀wé ni?"

"Mo mọ̀wé. Kọ̀ǹpútà tèmi ló ní kò sí nǹkan tó wọlé. Tí ìbéèrè ò bá sì hàn lójú kọ̀ǹpútà, ìgò kan ò gbọdọ̀ jáde. Ẹ̀yin náà mọ òfin Ọ̀gá Àgbà."

"Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń gun òkè bọ̀ wá bá mi, ọmọ lẹ́yìn, agbòòrùn lọ́wọ́. Wọ́n á jókòó títí, màá ní kí wọ́n padà. Ojú ń tì mí, Ìyá Yìnyín! Ojú ń tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọ ibi iṣẹ́ mi!"

Ikùn Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ dé, òun fúnra ẹ̀ wá tẹ̀ lé e.

"Kì í ṣe àkọ́kọ́ nìyí," ó ní. "Nọ́ọ̀sì á béèrè, fóònù á ní ó wọlé, sítọ́ọ̀ á ní kò wọlé. Ẹnì kan ló ń pa ìbéèrè wọn rẹ́ kó lè tọ́jú oògùn de ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ gọbọi. Mo ti ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹni yẹn á bá wọn lọ."

"Ṣé èmi lẹ ń bá wí, sà?"

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn?"

Ìyá Yìnyín la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Bóyá ó ṣì dì.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, Tọpinpin ni orúkọ tí àwọn olè fún un, àwọn ọlọ́pàá sì gbà á lò. Obìnrin kúkurú ni, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ gùn. Wọ́n ní ó wo ojú ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀ nígbà kan, ó ní, "Ìyàwó ẹni tó ni ẹsẹ̀ yìí ń bínú sí i." Wọ́n mú ọkùnrin yẹn, ìyàwó ẹ̀ ń bínú sí i lóòótọ́. Téèpù aṣọ tí ìyá ẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ fi sílẹ̀ fún un ló máa ń gbé kọ́rùn. Tó bá ń ronú, á máa wé e mọ́ka. Tí ìka yẹn bá ti ń pọ́n, kí ọ̀daràn yáa máa di ẹrù ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, madam," Ọ̀gá Àgbà sọ. "Ọ̀rọ̀ yìí ò lọ́jú pọ̀. Ẹ kàn máa mú un lọ ni."

"Ẹ ṣeun, sà. Tí ò bá lọ́jú pọ̀, kí lẹ wá pè mí fún? Ẹni tó ríran kì í yá ojú lò."

Ó wọ yàrá òtútù lọ, eyín ẹ̀ ń lu ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ń ta ayò. Ó ka ìgò pẹ̀lú Ìyá Yìnyín. Irú èyí tí Nọ́ọ̀sì Òkè ń wá, mẹ́wàá ló kù. Mẹ́wàá náà ni ìwé sítọ́ọ̀ sì ní ó yẹ kó kù. Ó jáde, ó ń fẹ́ èémí gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́.

"Sà, olè yín mà yàtọ̀ o. Ó jalè, ẹrù sì pé."

"Kò tíì rí ẹni rà á ni," Ọ̀gá Àgbà dáhùn. Ó fà á sí kọ̀rọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ bi í léèrè kúlà. Ojoojúmọ́ tó bá ń lọ sílé ló ń gbé kúlà jáde. Aṣọ́nà rí i. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló wà níbẹ̀, á máa wolẹ̀."

Tọpinpin bẹ̀rẹ̀ sí í wé téèpù mọ́ka.

Òun àti Ìyá Yìnyín nìkan ló jókòó sí yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó páálí sí. Kúlà náà wà láàárín wọn.

"Màmá, kí ló máa ń wà nínú ẹ̀?"

"Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ."

"Fún ta?"

"Ọkọ mi."

Ìka Tọpinpin ti ń pọ́n. "Màmá, wọ́n ní kí n mú yín lọ lónìí. Ìlérí wo ló wúwo ju ìyẹn lọ?"

Ìyá Yìnyín mí kanlẹ̀. "Yìnyín ni. Èyí tí à ń gbọ̀n dànù lára fíríìjì. Orúnkún bàbá yẹn ló wú."

"Kí ló ṣe é?"

"Bọ́ọ̀lù ni! Àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ wọn, bàbá ọlọ́mọ-ọmọ bá ní òun máa fi bí wọ́n ṣe ń gbá a láyé ìjọ́sí hàn wọ́n. Ó sáré bọ̀ bí ẹfọ̀n, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó gbá afẹ́fẹ́. Bọ́ọ̀lù ò kúrò níbi tó wà. Òun ló fò! Ó wá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé alùpùpù ló kọlu òun. Wọ́n ń wá kí i, wọ́n ń bá a ṣépè fún ẹni tó gun alùpùpù. Ó ní tí mo bá tú àṣírí yìí, òun á kó lọ sílé ìyá òun."

"Ṣé ìyá wọn ṣì wà láyé ni?"

"Ó ti kú tipẹ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà le!"

Tọpinpin rẹ́rìn-ín títí téèpù fi já bọ́ lọ́rùn ẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣí kúlà náà, ó gbóòórùn ẹ̀, ó fi téèpù wọn ìsàlẹ̀ ẹ̀ bóyá àpò ìkọ̀kọ̀ wà níbẹ̀. Omi tútù àti àkísà ló bá.

"Ó dáa, Màmá. Àṣírí alùpùpù wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dá yín sílẹ̀ o. Mo kàn ti yọ kúlà kúrò nínú ẹjọ́ ni."

"Ọmọ mi, ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ òtútù yìí, àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ tí mo tọ́jú ti ń bímọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ olè sin mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tọpinpin lára ju òtútù lọ.

Ó rò ó báyìí: Nọ́ọ̀sì ò purọ́, àmì aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Ìyá Yìnyín ò purọ́, ìgò pé. Ẹni méjì tí ò purọ́ sì ń ta ko ara wọn. Ogún ni wọ́n béèrè, mẹ́wàá ló wà nílẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ìyẹn tó ń yún un létí.

"Ibo ni ìbéèrè máa ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ Màmá?" ó bi Ọ̀gá Àgbà.

"Ọ̀dọ̀ Bàbá Sáfà."

Sáfà ni ẹ̀rọ ńlá tó ń gba ìbéèrè gbogbo fóònù, tó sì ń dá wọn lóhùn. Bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀ tínrín bí okùn iná, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn débi pé ìyàwó ẹ̀ ń pè é ní orogún. Nọ́ńbà ni sáfà fi ń dáhùn. Bàbá yìí ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe nọ́ńbà yẹn ní èdè míì ju Yorùbá lọ. Ó ní tí wọ́n bá ti pè é ní èdè àjèjì, inú máa ń run sáfà òun.

"Bàbá, ṣé sáfà yín máa ń purọ́?"

"Sáfà mi? Ọmọ mi, èmi ni mò ń purọ́ fún un!"

"Ó dáa. Ẹ jókòó tì í. Ohun tó bá dáhùn, ẹ pariwo ẹ̀ kí n gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì lódìkejì. Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ìbéèrè àárọ̀ yẹn fi ránṣẹ́, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má yọ ẹyọ kan."

Nọ́ọ̀sì tẹ fóònù. Àmì aláwọ̀ ewé tàn: Ó TI WỌLÉ. Ojú ẹsẹ̀ náà ni ohùn Bàbá Sáfà gba kọ́rídọ̀ kọjá bí ẹṣin tó já okùn:

"Irinwó lé mẹ́sàn-án!"

"Kí nìyẹn?" Nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

Bàbá Sáfà sáré dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó fìka kọ 409 sáfẹ́fẹ́. "Ẹ gbọ́ o. Tí sáfà bá ní igba, ohun tó ń wí ni pé ó dáa, mo ti gbà á. Ìdílé irinwó, ìwọ tó béèrè ni nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ ẹ. Ìdílé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, èmi sáfà ni mo ṣubú, ẹ má bínú. Irinwó lé mẹ́sàn-án yìí ní tiẹ̀, ohun tí ẹ béèrè àtohun tó wà nílẹ̀ ò bára mu. Ogún lẹ béèrè, mẹ́wàá ló kù. Sáfà dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Yìnyín ò lè rí i láéláé!"

"Fóònù mi wá ní ó ti wọlé!" Nọ́ọ̀sì wo fóònù náà bí ẹni tó bá ọkọ ẹ̀ lójúde àlè.

Tọpinpin rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fóònù ní bẹ́ẹ̀ ni, sáfà ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí ẹni méjì bá ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìkankan wọn ò sì purọ́, ẹ wá ẹni tó ń jíṣẹ́ láàárín wọn. Ta ló ń jíṣẹ́ láàárín fóònù àti sáfà?"

Gbogbo ojú yí sápá ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ ẹ̀yìn fìlà síwájú ti fẹ́ẹ̀ yọ́ jáde tán, ẹsẹ̀ kan ló kù nínú yàrá.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ tọ̀ ni, madam."

"Ìtọ̀ á dúró. Wá jókòó."

Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ṣe áàpù tó wà lórí fóònù àwọn nọ́ọ̀sì. Kò síṣẹ́ tí wọ́n máa gbé fún un tí ò ní ní "ẹ jẹ́ n tẹ bọ́tìnnì kan, ó ti parí." Òógùn tó ń là lójú ọmọ yẹn lábẹ́ fáànù, wọ́n lè fi fọ aṣọ.

"Ta ni ìránṣẹ́ tó wà láàárín?" Tọpinpin bi í.

"Kóòdù ni, madam. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fọwọ́ kọ ọ́. Àpèjúwe kan wà. Àá kọ síbẹ̀ pé fóònù lè béèrè báyìí, sáfà lè dáhùn báyìí. Màá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á ka àpèjúwe, á hun ìránṣẹ́ jáde fúnra ẹ̀. Kóòdù rẹpẹtẹ! Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ lè fi rin ìrìn àjò."

"Ìdáhùn mélòó lo kọ sínú àpèjúwe?"

Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹyọ kan."

"Èwo?"

"Igba."

Bàbá Sáfà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di orí mú. "Yéè! Sáfà mi tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó yẹn, 'ó dáa' nìkan lo kọ́ ìránṣẹ́ láti gbọ́!"

"Tó bá wá gbọ́ èyí tẹ́nì kan ò kọ́ ọ ńkọ́?"

"Á gbé e mì, madam. Á padà lọ́wọ́ òfo. Ojú fóònù á wá ní, níwọ̀n ìgbà tẹ́nì kan ò ráhùn, ó ti dáa nìyẹn. Á tan àwọ̀ ewé."

Ọ̀gá Àgbà fò dìde, àga tẹ̀ lé e. "Bọ́tìnnì! Ìwọ lo wá fẹ́ rán ìyá onìyáá lẹ́wọ̀n!"

"Rárá, sà! Mo ti rí i tipẹ́!" Ọmọ yẹn ti fẹ́ẹ̀ sunkún. "Mo rí i, mo sì tún un ṣe! Mo wọ inú ìránṣẹ́ yẹn, mo fọwọ́ ara mi kọ́ ọ ní irinwó lé mẹ́sàn-án. Ó ń sọ òótọ́! Àárọ̀ yìí, nígbà tí mo gbọ́ ariwo Nọ́ọ̀sì, mo ṣí i wò. Àtúnṣe mi ò sí mọ́! Kò ku ẹyọ kan! Ẹnì kan ló wọlé, ó nù ún nù."

Ẹjọ́ kan ò tíì tán, òmíràn ti bí sórí ẹ̀.

"Ta lo fura sí?" Tọpinpin bi í.

Bọ́tìnnì fi àgbọ̀n nàka sí Bàbá Sáfà.

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo wá lọ síbẹ̀?"

"Torí fáànù! Ẹ ní mo gbé fáànù yín, ẹ ní mo máa jẹ̀ka àbámọ̀!"

"Ìwọ lo gbé e lóòótọ́! Sáfà mi ń làágùn, o gbé fáànù kúrò lójú ẹ̀, o lọ fi fẹ́ irun orí!"

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì," Tọpinpin wí. "Bàbá, ṣé ẹ mọ kóòdù áàpù yẹn í ṣí?"

"Ọmọ mi, mo ṣí i rí. Ó dà bíi pé èèrà tẹ yíǹkì, ó wá sáré kọjá lórí ìwé. Mo yáa pa á dé."

Tọpinpin yọ Bàbá Sáfà kúrò lọ́kàn. Ó wé téèpù mọ́ka, ó tú u, ó tún un wé. Ó yíjú sí Bọ́tìnnì.

"Láti àárọ̀ lo ti mọ̀ pé àtúnṣe rẹ pòórá, wọ́n sì ń pe ìyá yìí lólè létí ẹ. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Torí ohun tí ẹ̀rọ kọ sórí kóòdù yẹn ni."

"Kí ló kọ?"

"'Ẹ̀rọ ló hun èyí. Má fọwọ́ kàn án.'"

"O wá fọwọ́ kàn án."

"Díẹ̀ péré, madam."

Tọpinpin kọjú sí Nọ́ọ̀sì. "Àǹtí mi, ṣé ìgbà kan wà tí fóònù yìí ń sọ òótọ́?"

Nọ́ọ̀sì ronú. "Ìgbà kan wà o. Ó máa ń tan pupa, á ní ìgò ò tó. Inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n màá dín in kù, màá rí èyí tó bá wà gbà. Lẹ́yìn náà ni pupa yẹn ṣàdédé lọ. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́, mo rò pé ìgò ti pọ̀ ni."

"Kí ló yí padà lójú fóònù nígbà tí pupa lọ?"

"Kò sí... Ẹ dúró ná. Àpótí tuntun kan dé. Ó ń bi wá pé irú àwọ̀ wo la fẹ́ kí ìdérí ìgò ní. Bíi pé àwọn ọmọ ọwọ́ ń wo àwọ̀!"

Ìka Tọpinpin ti pọ́n bí ata. "Ta ló ní kí wọ́n fi àpótí yẹn síbẹ̀?"

Ọ̀gá Àgbà wúkọ́. "Èmi ni. Ìdérí pupa àti ìdérí búlúù ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní kí Bọ́tìnnì fi kún un."

"Bọ́tìnnì, báwo lo ṣe fi kún un?"

"Mo kọ ọ́ sínú àpèjúwe, madam. Mo wá tẹ bọ́tì..."

Ẹnu ẹ̀ ò padé mọ́. Eṣinṣin lè wọbẹ̀ kó kọ́lé.

"Parí ọ̀rọ̀ ẹ," Tọpinpin sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "O tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ka àpèjúwe, ó hun ìránṣẹ́ tuntun, ó gbé e lé orí ti tẹ́lẹ̀. Àpèjúwe ò mọ̀ pé o tún nǹkan kan ṣe rí. Ìwọ lo nu àtúnṣe ẹ nù, ọmọ mi. Ọwọ́ tó kọ ọ́ náà ló pa á rẹ́."

Bọ́tìnnì yọ fìlà, ó fi bo ojú.

"Má sunkún. Ìyá mi ṣe é rí." Tọpinpin na téèpù sílẹ̀ lórí tábìlì. "Wọ́n gbé aṣọ ilé ìwé fún un rán. Páálí tó fi ń gé aṣọ, apá òsì ẹ̀ kúrú. Aṣọ àkọ́kọ́ jáde, ó rí i, ó tú apá yẹn, ó tún un rán, ó gún régé. Ó wá fi páálí yẹn kan náà gé ìyókù. Gbogbo ọmọ ilé ìwé wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ náà, apá òsì ń wo ojú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rìn lójú pópó, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ dáhùn ìbéèrè tíṣà. Ìyá mi ní: aṣọ ni mo tún ṣe, mi ò tún páálí ṣe."

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí Ọ̀gá Àgbà le ju igbá lọ.

"Àlàyé yìí dùn létí, madam, ṣùgbọ́n àlàyé kì í kún inú kúlà. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ ń bò ó? Ẹ ní ìránṣẹ́ ló jẹ̀bi. Kó sọ òótọ́ níwájú mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìyá Yìnyín ń lọ."

Oòrùn ti ń tẹ̀. Ìyá Yìnyín ti jókòó sẹ́nu géètì, báàgì ẹ̀ lórí itan, kọ́kọ́rọ́ yàrá òtútù lórí báàgì. Ó ti nu kọ́kọ́rọ́ náà títí ó fi ń dán, bí ẹni tó fẹ́ dá nǹkan padà fún ẹni tó ni ín.

Nínú ọ́fíìsì, Bọ́tìnnì ṣí àpèjúwe. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọwọ́ kan ìránṣẹ́ rárá. Bàbá Sáfà dúró sí èjìká ẹ̀, ó ń pè, ọmọ ń kọ. Wọ́n kọ irinwó lé mẹ́sàn-án sí i: jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ iye tó kù. Wọ́n kọ irinwó lé kan: sáfà ò mọ̀ ẹ́, padà lọ sọ orúkọ ẹ. Wọ́n kọ ti ìdílé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: sáfà ló ṣubú, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún béèrè.

"Àjèjì ńkọ́?" Tọpinpin bi wọ́n. "Nọ́ńbà tẹ́nì kankan ò tíì gbọ́ rí?"

Bọ́tìnnì gbójú sókè. "Màá kọ ibì kan fún gbogbo àjèjì. Màá sì tún ojú fóònù fúnra ẹ̀ ṣe: ìdáhùn tí ò bá yé e, kó ní kò yé òun. Àwọ̀ ewé ò gbọdọ̀ tàn láìjẹ́ pé sáfà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó dáa."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Orí ẹ mà pé, lábẹ́ fìlà yẹn."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ hun ìránṣẹ́ tuntun. Wọ́n fi wáyà so fóònù Nọ́ọ̀sì mọ́ kọ̀ǹpútà, áàpù tuntun wọlé. Bàbá Sáfà sáré padà sídìí orogún ìyàwó ẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè ogún ìgò.

"Irinwó lé mẹ́sàn-án!"

Fóònù pọ́n yòò. KÒ WỌLÉ. OGÚN LẸ BÉÈRÈ, MẸ́WÀÁ LÓ KÙ. ṢÉ KÍ WỌ́N KÓ MẸ́WÀÁ?

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ "rárá" láyé, kò tíì sẹ́ni tí inú ẹ̀ dùn sí i tó Nọ́ọ̀sì Òkè. Ó gbé fóònù sókè, ó ń jó. "Ó ní kò wọlé o! Ẹ wá wò ó, ó ní kò wọlé!"

Ọwọ́ ẹ̀ ti ń lọ síbi tó máa tẹ̀ kí wọ́n kó mẹ́wàá, Tọpinpin dì í mú.

"Ẹ dúró. Bọ́tìnnì, tún bọ́tìnnì yẹn tẹ̀."

Ọmọ yẹn fà sẹ́yìn. "Madam, bọ́tìnnì yẹn ló nu ti ìjọ́sí."

"Ìdí tí mo fi ní kí o tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Ọ̀gá Àgbà sún mọ́ tòsí, ó ń mí gùlegùle. Bọ́tìnnì dijú, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ hun ìránṣẹ́ míì, ó gbé e lé orí èyí tó wà. Wọ́n gbé e sórí fóònù. Nọ́ọ̀sì béèrè ogún.

Ọ́fíìsì dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ aláǹgbá tó rọ lápá tó ń jan orí mọ́ ògiri níta.

Pupa! KÒ WỌLÉ. Ó dúró gbọin.

"Ó ti wà nínú páálí báyìí," Tọpinpin wí. "Iye ìgbà tí wọ́n bá gé aṣọ, apá méjèèjì á dọ́gba. Àǹtí mi, ẹ gba mẹ́wàá yín."

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́.

"Igba!" Bàbá Sáfà ké, ohùn ẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣí òrùlé. "Igba, ẹ̀yin èèyàn mi! Igba!"

Àmì aláwọ̀ ewé tàn. Ẹnikẹ́ni ò yọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí yàrá òtútù, wọ́n ń retí. Ọ̀gá Àgbà fúnra ẹ̀ ló sáré dé ìdí kọ̀ǹpútà Ìyá Yìnyín, ó tẹjú mọ́ ọn, ó wá rìn jáde lọ sí géètì. Ó dúró níwájú obìnrin náà, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ ẹ̀ sí.

"Ìyá Yìnyín, ìbéèrè kan wọlé fún yín. Mẹ́wàá. Láti òkè." Ó gbé báàgì kúrò lórí itan ẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara ẹ̀ bí ẹrú. "Ẹ má bínú sí mi. Mo yára pè yín ní ohun tí ẹ kì í ṣe."

Ìyá Yìnyín mú kọ́kọ́rọ́, ó dìde.

"Nọ́ọ̀sì," ó pariwo, "ẹ gbé kúlà yín wá kí ilẹ̀ tó ṣú! Àwọn ìyá ọlọ́mọ yẹn á dé lọ́la. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ẹ gbà wọlé o."

Bọ́tìnnì ló bá wọn gbé kúlà náà. Ó ti dá fáànù padà fún Bàbá Sáfà; ó ń làágùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Tọpinpin ń gbé téèpù kọ́rùn láti máa lọ nígbà tí Ọ̀gá Àgbà bá a lẹ́nu géètì.

"Madam, ó ku ẹyọ kan. Kúlà Ìyá Yìnyín yẹn, kí ló máa ń wà nínú ẹ̀ gan-an?"

Tọpinpin wo ẹnu ọ̀nà yàrá òtútù. Ìyá Yìnyín ti gbọ́. Ó dúró, ìgò lọ́wọ́ ọ̀tún, ìgò lọ́wọ́ òsì, ojú ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

"Yìnyín ni, sà," Tọpinpin dáhùn, ojú ẹ̀ le bí òkúta. "Ọkọ wọn ni alùpùpù kọlù. Ó mà le o, alùpùpù yẹn. Ó sì gbá a dáadáa."

Ẹ̀rín bú láti inú yàrá òtútù. Lọ́jọ́ yẹn, kò dì.